Samuel Johnson, Olùkọ́ tí ó di Onílàjà

Nígbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ Ogun Kírìjì ní Ìgèdè àti ní gbogbo Èkìtì, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà àti Fábùnmi ará Òkè-Ìmèsí ni a sábà máa ń dárúkọ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí ó jẹ́ pé ìwé ni ó gbé lọ sí ojú ogun náà, kì í ṣe ìbọn.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1846 ni a bí Samuel Johnson ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Henry baba rẹ̀. Samuel kò tí ì pé ọmọ ọdún 12 nígbà tí wọ́n kó dé Ìbàdàn, ojú rẹ̀ sì rí ìyà àti ebi ìgbà Ogun Ìjàyè. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Bühler, ó sì padà wá di olùkọ́ ní Ìbàdàn ní ọdún 1866. Ó di katikíìsì ní 1875. Ní 1881 ó ti wà ní Ọ̀yọ́ gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ Ọlọ́run.

Lónìí, àwọn kan wà tí a yàn láti máa parí ìjà láàárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá wọn, tí wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Níbo ni Johnson ti kọ́ tirẹ̀? Lójú tèmi, nínú iṣẹ́ olùkọ́ ni. Ìjọ C.M.S. a máa béèrè pé kí òṣìṣẹ́ wọn kọ ohun tí ó rí àti ohun tí ó gbọ́ sínú ìwé, kí ó sì fi í ránṣẹ́. Ẹni tí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ yóò mọ bí a ti í jíṣẹ́ láì fi kún un, láì yọ kúrò níbẹ̀.

Ní 1881 kan náà, Aláàfin Adéyẹmí rán an sí Gómìnà ní Èkó, kí ó bá wọn dá sí ogun náà. Kò tí ì bọ́ sí i. Ó di ọdún 1886 kí Gómìnà Moloney tó rán òun àti Àlùfáà Charles Phillips ti Òǹdó sí àwọn àgọ́ méjèèjì.

Iṣẹ́ náà le. Àwọn baba wa kò fẹ́ ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn mọ́ láéláé. Àwọn Ìbàdàn ní tiwọn ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá kọ́kọ́ ṣí kúrò, a ó lé àwọn láti ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ Ọ̀tan, Ìrèsì, Adà àti Ìgbájọ sì tún wà níbẹ̀. Àdéhùn fi ìlú mẹ́rin wọ̀nyí sílẹ̀ fún Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ará ibẹ̀ tí ó bá fẹ́ jáde lè jáde. Àwọn ìlú Èkìtì sì di òmìnira. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ni a ṣe ìwé àdéhùn náà. Ní oṣù kẹsàn-án, a ti iná bọ àgọ́ méjèèjì. Apá tí ó kan Modákẹ́kẹ́ kò ṣẹ nígbà náà, Ìlọrin pàápàá kò sì gbé ìjà sílẹ̀ ní Ọ̀fà; a kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́.

Ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897 sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó rán an sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kú ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1901, kò rí i ní títẹ̀. Obadiah àbúrò rẹ̀, tí í ṣe dókítà, tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀. Òun náà kú ní 1920, ìwé sì jáde ní 1921.