Auguste Rodin àti Ère Idẹ Tí Ó Ṣe fún Ọ̀rẹ́ Rẹ̀

Bí a bá dárúkọ Auguste Rodin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ère ọkùnrin tí ó jókòó, tí ó tẹ àgbọ̀n lé ẹ̀yìn ọwọ́, tí ó ń ronú, ni ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òkìkí ère yìí ti kàn káàkiri àgbáyé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Rodin jẹ́ kò gbọdọ̀ gbójú fo ère mìíràn tí kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ère idẹ orí Alphonse Legros, ayàwòrán tí í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìtàn oore àti ìmoore ni ó wà nídìí ère náà.

Ọjọ́ 12, oṣù kọkànlá, ọdún 1840 ni a bí Rodin ní ìlú Paris. Akọ̀wé ni bàbá rẹ̀ ní iléeṣẹ́ ọlọ́pàá. Ilé wọn kì í ṣe ilé ọlọ́rọ̀. Ní ọdún 1854, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọnà. Olùkọ́ rẹ̀ níbẹ̀, Horace Lecoq de Boisbaudran, a máa kọ́ wọn láti wo nǹkan fínnífínní, kí wọ́n sì yà á láti inú ìrántí. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ yìí kan náà ni Legros, tí a bí ní ìlú Dijon ní ọdún 1837, ti kẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Rodin ṣe ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ ọnà ní Paris. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọn kò gbà á.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ní ọdún 1863, Legros kó lọ sí ìlú Lọ́ńdọ̀n. Kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbé e ga, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ Slade ní ọdún 1876. Ní ti Rodin, abẹ́ àwọn oníṣẹ́ ère mìíràn ni ó ti ń ṣiṣẹ́ gbowó, ní Paris àti ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́mù.

Nígbà tí ó pàtẹ ère ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ọdún 1877, ẹ̀gàn ni ó fi gbà. Ère náà jọ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi fẹ̀sùn kàn án pé kì í ṣe ọwọ́ ni ó fi mọ ọ́n, pé ara ènìyàn alààyè ni ó fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ̀sùn tí ó lè ba iṣẹ́ oníṣẹ́ ọnà jẹ́ pátápátá ni èyí. Ọdún 1880 ni ìjọba Faransé tó ra ère náà, tí wọ́n sì gbé iṣẹ́ ìlẹ̀kùn idẹ ńlá kan fún un.

Ní ọdún 1881, Rodin lọ sí Lọ́ńdọ̀n lọ́dọ̀ Legros. Ọ̀rẹ́ àtijọ́ yìí kò fi ipò rẹ̀ yangàn. Ó kọ́ Rodin bí a ti ń fi abẹ́rẹ́ irin ya àwòrán sára àwo bàbà, tí a ó sì fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Ó tún mú un mọ àwọn ènìyàn. Lára àwọn tí Rodin di ojúlùmọ̀ wọn ni W. E. Henley, olóòtú ìwé ìròyìn iṣẹ́ ọnà, ẹni tí ó gbé orúkọ rẹ̀ ga láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Láàárín ọdún 1881 sí 1882 ni Rodin ṣe ère orí Legros. Amọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń fi mọ irú ère bẹ́ẹ̀. A máa wo orí ẹni náà láti iwájú, láti ẹ̀yìn àti láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, a sì máa tún amọ̀ ṣe títí gbogbo rẹ̀ yóò fi bára mu. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìdà idẹ yóò wá dà á. Kò fi oyè ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe Legros lọ́ṣọ̀ọ́. Ojú àti irùngbọ̀n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó tẹjú mọ́. Legros náà ya àwòrán Rodin ní ọdún 1882. Bí oníkálùkù ṣe fi iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe bu ọlá fún ẹnìkejì nìyẹn.

Legros kú ní ọdún 1911. Ní ọdún 1914, Rodin fi ère 18 ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria àti Albert ní Lọ́ńdọ̀n lọ́rẹ, ní ìrántí àwọn ọmọ ogun Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n jọ ń jagun. Òun náà papòdà ní ọjọ́ 17, oṣù kọkànlá, ọdún 1917, lẹ́yìn tí ó ti kó iṣẹ́ rẹ̀ lé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a fi orúkọ rẹ̀ pè ní Paris, tí a ṣí ní ọdún 1919, ni àwòrán tí Legros yà fún un wà. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn nígbà kan pé kò mọ ère fúnra rẹ̀ ti fi ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ sínú idẹ, kí ẹni tí ó ṣoore má baà di ẹni ìgbàgbé.