Àjàyí Crowther àti Iṣẹ́ tí Ó Bà Á Lẹ́rù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Bí ó ti wù kí ènìyàn mọ iṣẹ́ tó, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọkàn rẹ̀ yóò máa bi í bóyá ó kájú rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ìdí nìyí tí mo fi ní kí a yẹ ìgbésí ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther wò.

Òṣogùn ni a bí Àjàyí sí. Ogun kó o lẹ́rú ní 1821. Ní 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni ó ti kàwé, tí ó sì ṣèrìbọmi ní 1825. Ní 1843, ó tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, a sì fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ta ni yóò rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rù èdè Yorùbá? Ní oṣù kìn-ín-ní 1844, ó dìde ní Freetown láti fi Yorùbá ṣe ìsìn fún àwọn ènìyàn rẹ̀ tí a gbà lóko ẹrú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé ńṣe ni òun dà bí ọmọ ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè ìyá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jọ àlá lójú òun. Síbẹ̀, ó ka Ìhìnrere Lúùkù, ó wàásù, àwọn ènìyàn sì ń ṣe àṣẹ sí i.

Ogún ọdún lẹ́yìn èyí, Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ CMS, ní kí ó wá di bíṣọ́ọ̀bù. Àjàyí kọ́kọ́ kọ̀, ó ní òun kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kan pàápàá kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú ṣe olórí wọn. Nígbà tí ó gbà pé ti Olúwa ni iṣẹ́ náà, ó tẹrí ba. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 1864, ní Canterbury, ó di bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà.

Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó gba agbára iṣẹ́ Odò Ọya lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1891. Ṣùgbọ́n bí onírèsé kò bá fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín kò lè parun. Bíbélì Yorùbá tí òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ parí ní 1884 ni ìpìlẹ̀ èyí tí à ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìṣẹ̀rí-Olófin ilé wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Àwórì ni wá.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ẹ̀rù kò kọ́kọ́ kúrò lára Àjàyí kí ó tó ṣiṣẹ́. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ náà ní Olúwa, ó sì fi ẹ̀rù náà ṣe é. Ẹni tí yóò bá kọ́kọ́ dúró níwájú kíláàsì láti fi Yorùbá kọ́ni lọ́dún yìí, kí ó rántí Freetown. Olúwa yóò ràn wá lọ́wọ́ o.