Walter White: ọmọ Atlanta tó funfun bí òyìnbó, tó sì kọ̀ láti di òyìnbó

Láti Covington sí ìlú Monroe kò jìnnà rárá, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí agbègbè Atlanta sì ti gba ibẹ̀ kọjá láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí rẹ̀. Ní ọjọ́ 25, oṣù Keje, ọdún 1946, àwọn aláwọ̀ funfun kan dá ọkọ̀ dúró lẹ́bàá afárá Moore's Ford. Wọ́n wọ́ tọkọtaya dúdú méjì bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì yìnbọn pa àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: George àti Mae Murray Dorsey, Roger àti Dorothy Malcom. Ogun Àgbáyé Kejì ni George ti dé. Títí dòní, ilé-ẹjọ́ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ààrẹ Truman ni Walter White, ẹni tí ìtàn òní dá lé lórí.

Atlanta ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 1893. Lẹ́tà ni bàbá rẹ̀ ń pín kiri. Ojú Walter búlúù, àwọ̀ rẹ̀ funfun. Ẹni tí kò bá mọ ilé wọn yóò pè é ní òyìnbó. Àmọ́ òfin Georgia ayé ìgbà náà kì í wo ojú, ẹ̀jẹ̀ ló ń wò.

Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí rògbòdìyàn Atlanta bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1906. Àwọn ìwé ìròyìn ló dáná rẹ̀. Wọ́n ń gbé àtẹ̀jáde lé àtẹ̀jáde pé ọkùnrin dúdú ń kọlu obìnrin funfun, láìsí ẹ̀rí. Ènìyàn dúdú tó kú kò dín ní 25. Walter àti bàbá rẹ̀ wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí wọ́n fi ń kó lẹ́tà nígbà tí àwọn jàǹdùkú lu arọ kan tó ń nu bàtà fún àwọn èèyàn pa lójú wọn. Àwọ̀ wọn ló kó àwọn méjèèjì yọ.

Ẹni tó lè yọ́ bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó láìsẹ́ni tó máa mọ̀, kí ló dá a dúró? Ohun tí mo rò ni pé òru ọjọ́ yẹn ló yàn fún un.

Ní 1918, ó lọ ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ NAACP ní New York. Níbikíbi tí wọ́n bá ti pa ènìyàn dúdú láìgbé e dé ilé-ẹjọ́, ó máa wọ ìlú náà bí òyìnbó, ó máa jókòó ti àwọn apànìyàn, wọ́n á sì máa fọ́nnu fún un. Ìpànìyàn 41 ló wádìí bẹ́ẹ̀. Ní Arkansas ní 1919, àṣírí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú, ló bá sá wọ rélùwéè. Olùdarí ọkọ̀ náà bá a kẹ́dùn pé ó ń lọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n ń wá adúláwọ̀ kan tó ń ṣe bí òyìnbó. Ẹ fojú inú wò ó!

Ní 1931, mọ́tò gbá bàbá rẹ̀ ní Atlanta. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka àwọn òyìnbó ní ilé ìwòsàn Grady, níbi tó mọ́ tónítóní. Àfi ìgbà tí àna rẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú jù ú lọ wá wò ó. Kíá ni wọ́n gbé bàbá tó ń jẹ̀rora náà sọdá òpópónà lọ sí ẹ̀ka àwọn aláwọ̀ dúdú. Ibẹ̀ ló kú sí.

Ìpàdé wọn pẹ̀lú Truman ní oṣù Kẹsàn-án, 1946, so èso: ààrẹ dá ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sílẹ̀, nígbà tó sì di 1948, ó pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ dópin nínú iṣẹ́ ológun. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ tí White fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún, tí ì bá sọ irú ìpànìyàn bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀, àwọn sẹ́nétọ̀ láti gúúsù kò jẹ́ kó kọjá. Ó kú ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹta, ọdún 1955. Oṣù Kẹta ọdún 2022 ni Ààrẹ Biden tó buwọ́ lu òfin náà. Orúkọ Emmett Till ni wọ́n fi pè é, ọmọ ọdún 14 tí wọ́n pa ní Mississippi ní oṣù márùn-ún lẹ́yìn ikú White.