Adégòkè Adélabù, Aṣòfin tí Ìbàdàn Kò Gbàgbé

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọjá ní Allen Avenue lójoojúmọ́ ni kò mọ̀ pé Ìbàdàn ni a ti ń ṣòfin fún Ìkẹjà nígbà kan. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ni Ìkẹjà àti Agége wà. Nínú ilé aṣòfin ẹkùn náà ni ohùn Adégòkè Adélabù ti dún jù. Bí ilé ẹ̀kọ́ wa ti ń ṣe àjọ̀dún, a rò pé ó yẹ kí a rántí rẹ̀.

Ìbàdàn ni a ti bí i ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án 1915. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS ní Kúdẹtì ni ó ti kọ́kọ́ mọ̀wé, kí ó tó lọ sí Government College, Ìbàdàn, àti Higher College ní Yábàá. Ó ṣiṣẹ́ ní UAC, níbi tí òye rẹ̀ ti ya àwọn ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu.

Ní 1951, ó wọ ilé aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn. Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ wọlé láti Ìbàdàn bá ẹgbẹ́ Action Group lọ, òun dúró ti NCNC. Ó dá ẹgbẹ́ Mábọlájé sílẹ̀, ó sì kó àwọn ìjòyè, àgbẹ̀ àti mẹ́kúnnù tí owó orí ń ni lára mọ́ra. Gẹ̀ẹ́sì ìjìnlẹ̀ ni ó ń sọ nínú ìgbìmọ̀. Láàárín ọjà, èdè Ìbàdàn pọ́ńbélé ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni àwọn ènìyàn yí sí pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, tí ó sì di orúkọ mọ́ ọn lára.

Ní 1954, ó di alága ìgbìmọ̀ ìlú Ìbàdàn. Ní 1955, ó di mínísítà ìjọba àpapọ̀. Àmọ́, a kò gbọdọ̀ fi èyí tí ó dùn nìkan sọ ìtàn rẹ̀. Ìwádìí tí Nicholson ṣe lórí ìgbìmọ̀ náà dá a lẹ́bi, ó sì fi ipò méjèèjì sílẹ̀ ní 1956. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ gbà pé ọwọ́ òṣèlú ni. Lọ́dún náà gan-an, Ìbàdàn tún dìbò fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Action Group rí ìjókòó 48, tí NCNC rí 32, òun ni ó di olórí alátakò.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1958, ìjàǹbá ọkọ̀ pa á nítòsí Òde Rẹ́mọ. Ẹni ọdún 42 ni. Ọ̀pọ̀ gbà pé ẹnìkan ló wà nídìí rẹ̀. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹ̀mí sì ṣòfò.

Kí ni ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́? Adélabù fi hàn pé ìwé tí ọmọ kà lè di ohùn fún àwọn tí kò kà á. Ó tún fi hàn pé bí ohùn ti wù kí ó dùn tó, ìṣirò owó ìlú kò ní ṣàìdúró de ẹni tí ó di ipò mú. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní méjèèjì. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ tí ẹ wà nípò lónìí, ẹ rántí pé ìtàn ń kọ orúkọ yín sílẹ̀ pẹ̀lú.