Ìgbésí Ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ tó ń Gba Ọmọ Nímọ̀ràn

Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Orí òye yìí ni Steve de Shazer àti Insoo Kim Berg gbé ètò ìgbaninímọ̀ràn onígbà kúkúrú kà ní Milwaukee, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ọdún 1978. Wọn kì í tú ìdí ìṣòro títí. Ohun tí ẹni náà ń fẹ́, àti ìgbà tí ìṣòro náà rọlẹ̀, ni wọ́n ń béèrè. Ṣùgbọ́n ṣáájú wọn, ọmọ Yorùbá kan ti fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo ọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ.

Ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1923 ni a bí Thomas Adéoyè Lámbò ní Abẹ́òkúta. Ó kàwé ní Baptist Boys' High School níbẹ̀, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Birmingham, ó sì kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Nígbà tí ó di ọ̀gá ilé-ìwòsàn Aró ní ọdún 1954, wọn kò tíì kọ́ ọ tán. Bẹ́ẹ̀ sì ni ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ àti àhámọ́ jẹ́ ìpín ọ̀pọ̀ alárùn ọpọlọ nígbà náà. Lámbò kò dúró de ilé. Ó wo ohun tó wà nílẹ̀: àwọn abúlé tó yí Aró ká, àti ẹbí aláìsàn. Ó ṣètò pé kí aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé, kí ìbátan rẹ̀ kan, ó kéré tán, bá a wá láti máa tọ́jú rẹ̀. Lọ́sàn-án, yóò gba ìtọ́jú òyìnbó nílé-ìwòsàn. Nírọ̀lẹ́, yóò padà sáàárín ènìyàn. Àwọn onílé ń gba owó ilé, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà sì kópa nínú ètò náà.

Ní ọdún 1961, àwọn onímọ̀ àrùn ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà ṣe àpérò ní Abẹ́òkúta. Lámbò jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn láti 1968 sí 1971, ó sì di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé títí di ọdún 1988. Ó papò dà ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, ọdún 2004.

Dókítà ni Lámbò; ọmọ tó bá ṣàìsàn, ilé-ìwòsàn ni kí olùkọ́ darí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní Ilé-Ogbó, nítòsí Ìwó, lè kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Bí ọmọ kan bá ń pẹ́ dé lójoojúmọ́, kí olùkọ́ má ṣe sọ ọ́ ní ọ̀lẹ. Kí ó béèrè nípa ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọmọ náà tètè dé: ta ló jí i, kí ló ṣe lálẹ́ àná? Ọjọ́ náà ni kí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ní àkókò ìsinmi tó fún ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ó sì lè gba ọmọ lọ́wọ́ orúkọ burúkú tí ì bá tẹ̀ lé e dàgbà.