Alexander Fleming, Ẹni tí Ó Rí Pẹnisílíìnì

Ọmọ àgbẹ̀ ni Alexander Fleming. Ilẹ̀ Skọ́tílándì ni a bí i sí ní 1881, Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì ti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó gbọgbẹ́ ní ilẹ̀ Faransé. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé oògùn líle tí a ń dà sójú ọgbẹ́ jíjìn a máa pa àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀, kòkòrò tí ó sá pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ọgbẹ́ a sì yè.

Ní 1928, olú wínníwínní kan, irú èyí tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó ti bu, hù nínú àwo rẹ̀, ó sì pa kòkòrò àyíká rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe rí pẹnisílíìnì. Florey àti Chain ni ó sọ ọ́ di oògùn tí a lè fún aláìsàn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945. Lọ́dún náà gan-an ni Fleming kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá lò ó láìtó ìwọ̀n ń kọ́ kòkòrò láti borí oògùn. Ó kú ní 1955.

Ìkìlọ̀ náà kan àwa tí a fi Zuba ṣe ilé, tí a ń ra kápúsù ní ibùdókọ̀ láìrí dókítà. Àlòjù irú oògùn bẹ́ẹ̀ mìíràn a máa ba kíndìnrín àti etí jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a bi oníṣègùn léèrè iye tí a ó lò àti ọjọ́ tí a ó fi lò ó, kí a má sì ṣe fi kún un tàbí dín in kù.