Christy Mathewson, Akọni Ajubọ́ọ̀lù

Bí agbára bá wà ní apá ènìyàn tí ìwà kò sí nínú rẹ̀, kì í pẹ́ kí agbára náà tó di ohun ẹ̀gàn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ eléré ìdárayá ni ayé ti yìn nítorí ọgbọ́n ọwọ́ tàbí eré ẹsẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí agbára wọn tán, a kò gbúròó wọn mọ́. Díẹ̀ ni àwọn tí ìwà wọn mú kí orúkọ wọn pẹ́ ju agbára wọn lọ. Ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ wọ̀nyí ni Christy Mathewson, ará Amẹ́ríkà, tí ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù láti ọdún 1900 títí di ọdún 1916.

Kí a tó lè mọ iyì iṣẹ́ rẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí eré náà ti rí. Béésìbọ́ọ̀lù ni a ń pè é. Ẹgbẹ́ méjì ni ó ń dojú kọ ara wọn, ènìyàn 9 sì ni ó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kan yóò dúró ní àárín pápá, yóò sì ju bọ́ọ̀lù kékeré líle kan sí ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kejì tí ó di igi mú. Bí onígi yìí bá gbá bọ́ọ̀lù náà dáradára, yóò sáré yí ibùdó mẹ́rin ká. Bí ó bá sì padà dé ibi tí ó ti gbéra, ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ayò kan. Bí ó bá ṣi bọ́ọ̀lù gbá ní ẹ̀ẹ̀mẹta, yóò fi pápá sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ajubọ́ọ̀lù bá ju bọ́ọ̀lù gba ibi tí kò yẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, onígi yóò rìn lọ sí ibùdó kìíní lọ́fẹ̀ẹ́. Abala 9 ni a pín eré kan sí. Nítorí náà, kì í ṣe agbára nìkan ni ajubọ́ọ̀lù nílò. Ó gbọ́dọ̀ ní ojú tí ó mú, ọkàn tí kì í mì, àti ọgbọ́n láti mọ ohun tí ó wà nínú ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1880 ni a bí Mathewson ní Factoryville, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Gilbert ni orúkọ bàbá rẹ̀, Minerva sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Olùfọkànsìn ni ìyá yìí, ó sì jẹ́ ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ pé kí ọmọ òun di oníwàásù. Ọmọ náà kò di oníwàásù, ṣùgbọ́n ó ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé òun kì yóò ṣeré bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Ìsinmi láéláé.

Lẹ́yìn tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Keystone Academy, ó wọ Yunifásítì Bucknell ní ìlú Lewisburg ní ọdún 1898. Ó ga, ó sígbọnlẹ̀, ojú rẹ̀ sì fani mọ́ra. Oríṣi eré ìdárayá mẹ́ta ni ó ń ṣe níbẹ̀, síbẹ̀ kò fi ìwé rẹ̀ ṣeré. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn akọrin, ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tí ń kà tí wọ́n sì ń kọ ìwé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi í ṣe olórí kíláàsì wọn. Ohun àjèjì ni èyí jẹ́ nígbà náà, nítorí pé ojú ọ̀mùtí, atatẹ́tẹ́ àti oníjàgídíjàgan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo àwọn tí ń fi béésìbọ́ọ̀lù jẹun. Bàbá tí ó bá mọ iyì ara rẹ̀ kì í fẹ́ kí ọmọ òun bá wọn rìn.

Ní ọdún 1900, ó bá ẹgbẹ́ kan ní ìlú Norfolk ṣeré. Ìgbà 2 péré ni a ṣẹ́gun rẹ̀ níbẹ̀. Òkìkí rẹ̀ kàn dé New York, ẹgbẹ́ ńlá tí a ń pè ní Giants sì ránṣẹ́ pè é ní àárín ọdún náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn, nǹkan kò rọgbọ. Ìgbà 3 ni a ka ìpàdánù sí i lọ́rùn, kò sì borí ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n dá a padà sí Norfolk. Ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn ìbá ti sọ ìrètí nù, ṣùgbọ́n Mathewson kò ṣe bẹ́ẹ̀. Giants tún gbà á padà kí ọdún náà tó parí, nígbà tí ó sì di ọdún 1901, ó borí ní ìgbà 20.

Ní ọdún 1902 ni John McGraw di olùdarí Giants. Bí ọ̀sán ti yàtọ̀ sí òru ni ìwà àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra. Onínúfùfù ni McGraw, a máa bá adájọ́ eré jà, a sì máa sọ̀rọ̀ líle. Mathewson ní tirẹ̀ jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́. Síbẹ̀ wọ́n di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àti àwọn aya wọn fi jọ gbé inú ilé kan fún ìgbà kan. Lábẹ́ McGraw ni ìmọ́lẹ̀ Mathewson bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Ó borí ní ìgbà 30 ní ọdún 1903, ní ìgbà 33 ní ọdún 1904, àti ní ìgbà 31 ní ọdún 1905.

Ó ní irú bọ́ọ̀lù kan tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn onígi. Bí ọlọ́wọ́ ọ̀tún bá yí bọ́ọ̀lù bí ó ti ń jù ú, apá òsì rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù náà sábà máa ń yà sí. Ti Mathewson yìí a máa yà sí apá ọ̀tún, a sì máa rọlẹ̀ lójijì bí ẹni pé agbára ti tán nínú rẹ̀. Níwọ̀n bí jíju irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ti máa ń lọ́ apá ènìyàn, kì í lò ó ju ìgbà díẹ̀ lọ nínú eré kan. Ohun tí ó gbẹ́kẹ̀ lé jù ni pé ibi tí ó bá fojú sùn ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ. Ní ọdún 1913, ó ju bọ́ọ̀lù fún abala 306, síbẹ̀ onígi 21 péré ni ó jẹ́ kí ó rìn lọ sí ibùdó kìíní lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tún ní iyè inú púpọ̀. A máa ta dráfù pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, a sì máa borí wọn.

Oṣù kẹwàá ọdún 1905 ni ó ṣe ohun tí a kò tíì gbàgbé. Giants àti ẹgbẹ́ Athletics ti Philadelphia ni wọ́n jọ ń du ipò àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Láàárín ọjọ́ 6, Mathewson ju bọ́ọ̀lù ní ẹ̀ẹ̀mẹta, abala 27 lápapọ̀. Àwọn ará Philadelphia kò jẹ ayò kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀. Báyìí ni Giants ṣe gba ipò àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ gbogbo ni ọjọ́ ayọ̀. Ní ọdún 1908, ó borí ní ìgbà 37, síbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, Giants rò pé àwọn ti ṣẹ́gun Chicago, àwọn òǹwòran sì ti ya wọ pápá. Fred Merkle, ọmọ ọdún 19, kò tíì fẹsẹ̀ kan ibùdó kejì kí ó tó yà kúrò lójú ọ̀nà. Nítorí ìgbésẹ̀ díẹ̀ yìí, àwọn adájọ́ kò ka ayò náà. Wọ́n tún eré náà ṣe ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá. Mathewson jáde tòun ti apá tí ó ti rẹ̀, Chicago sì borí pẹ̀lú ayò 4 sí 2. Ní ọdún 1912 pẹ̀lú, ní abala ìkẹyìn tí ó yẹ kí wọ́n borí Boston, bọ́ọ̀lù tí ó rọrùn láti mú já bọ́ lọ́wọ́ Fred Snodgrass, iṣẹ́ Mathewson sì tún já sí asán. Ó fara da gbogbo rẹ̀, ó sì tún padà sí ẹnu iṣẹ́ nígbà tí ọdún yípo.

Ó yẹ kí a rántí pé wọn kò gba aláwọ̀ dúdú láyè nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá wọ̀nyí ní ayé Mathewson. Ọdún 1947 ni Jackie Robinson ṣẹ̀ṣẹ̀ la ọ̀nà náà pẹ̀lú ẹgbẹ́ Dodgers ti Brooklyn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ akọni onígi ni Mathewson kò bá pàdé rí nínú ìdíje, kì í ṣe nítorí pé wọn kò mọ̀ ọ́n gbá, bí kò ṣe nítorí àwọ̀ ara wọn.

Ní ọdún 1916, nígbà tí apá rẹ̀ ti ń rẹ̀, ó lọ di olùdarí ẹgbẹ́ Cincinnati. Níbẹ̀ ni ìdánwò tí ó le jù dé bá a. Ó ṣàkíyèsí pé Hal Chase, ẹni tí ń ṣọ́ ibùdó kìíní, ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe kí ẹgbẹ́ rẹ̀ lè pàdánù, kí àwọn atatẹ́tẹ́ lè jèrè. Chase jẹ́ ọ̀gá nínú eré náà, àwọn mìíràn tí wọ́n mọ ìwà rẹ̀ sì ti dákẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1918, Mathewson lé e kúrò lórí pápá, ó sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ náà, Mathewson ti wà lójú ogun ní ilẹ̀ Faransé, kò sì lè fẹnu ara rẹ̀ rojọ́. Wọ́n dá Chase sílẹ̀. Ohun tí ó dunni jù ni pé McGraw, ọ̀rẹ́ Mathewson, ni ó gba Chase sí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1919.

Kò pẹ́ tí ayé fi rí i pé òótọ́ ni Mathewson rí. Ní ọdún 1919 kan náà, nígbà ìdíje Chicago àti Cincinnati, ó jókòó ti akọ̀ròyìn Hugh Fullerton, wọ́n sì ń sàmì sí gbogbo ohun tí ó mú ìfura dání. Ní ọdún 1920, àṣírí tú pé àwọn eléré Chicago kan ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1921, a lé ènìyàn 8 nínú wọn kúrò nínú béésìbọ́ọ̀lù títí ayé.

Ogun náà ni ó gba ìlera lọ́wọ́ Mathewson. Ẹni ọdún 38 ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun, ó sì ní aya àti ọmọ kan. A fi í ṣe kápútéènì nínú ẹgbẹ́ tí ń gbógun ti gáàsì olóró. Ní ẹnu iṣẹ́ yìí ni ó ti fa gáàsì símú ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ó di ọdún 1920, àwọn dókítà rí i pé ikọ́ ife ti wọ̀ ọ́ lára. Àrùn kan náà ni ó ti pa Henry àbúrò rẹ̀ ní ọdún 1917. Ó lọ sí Saranac Lake, ní agbègbè olókè níbi tí atẹ́gùn tútù wà, láti gba ìtọ́jú. Ara rẹ̀ mókun díẹ̀, ó sì di ààrẹ ẹgbẹ́ Braves ti Boston ní ọdún 1923, ṣùgbọ́n àìsàn náà tún dìde.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 1925, ọjọ́ tí ìdíje ńlá Pittsburgh àti Washington bẹ̀rẹ̀, Mathewson kú ní ẹni ọdún 45. Ní ọjọ́ kejì, àwọn eléré méjèèjì so aṣọ dúdú mọ́ apá wọn nítorí rẹ̀. Lewisburg, níbi tí ó ti kàwé, ni a sin ín sí.

Ìgbà 373 ni ó borí ní ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní ọdún 1936, nígbà tí a kọ́kọ́ yan ènìyàn 5 tí a ó máa fi ọlá fún títí láé nínú eré náà, ó wà nínú wọn pẹ̀lú Ty Cobb, Babe Ruth, Honus Wagner àti Walter Johnson. Nínú àwọn máràrùn-ún, òun nìkan ni kò sí láàyè mọ́ láti gbọ́ ọ.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ọjọ́ a bá kú ni à ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ti Mathewson kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn ti yìn ín kí ó tó kú. Kí ọ̀dọ́ tí ó bá ka ìtàn rẹ̀ má ṣe rántí bọ́ọ̀lù tí ó jù nìkan. Kí ó rántí pẹ̀lú pé nígbà tí àwọn ẹlòmíràn dákẹ́ nítorí èrè tàbí nítorí ìbẹ̀rù, ó sọ òtítọ́, kò sì sẹ́ ẹ nígbà tí a dá ẹlẹ́bi láre. Apá tí ó ju bọ́ọ̀lù ti jẹrà ní ilẹ̀ Lewisburg, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀.